Fóòmù Abẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́: Èwo Ni Ṣíṣe Nínú Ọ̀nà Márùn-ún?

Ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Mercedes-Benz W123, tàbí ti W124 tí gbogbo wa mọ̀ sí V-boot, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀ látìgbà tó ti kúrò nílé iṣẹ́, yóò bá fóòmù dúdú kan tó ti gbó níbẹ̀. Bí ọwọ́ bá kàn án báyìí, ó ń rún wómúwómú. Èyí tó já bọ́ ń kó sórí ẹ́ńjìnnì, ó ń lẹ̀ mọ́ ibi tí òróró ti ń jò, ó sì ń wọ ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ọkọ̀ nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Ti ọ̀pọ̀ Toyota tó ti pẹ́ yàtọ̀ díẹ̀. Ìtẹ́ tí wọ́n fi okùn gíláàsì ṣe, èyí tí à ń pè ní fáíbà, ló wà níbẹ̀, kílíìpù ló sì ń gbé e dúró. Bí kílíìpù bá kán, àárín rẹ̀ á wọ̀, á máa fara kan ẹ́ńjìnnì.

Kí ni kí ọlọ́kọ̀ ṣe sí i? Bí ẹ bá bi mẹkáníìkì, ẹ bi ẹni tó ń kun ọkọ̀, ẹ bi ẹni tó ń rán ìjókòó ọkọ̀, ẹ tún bi ẹni tó ń ta páàtì, ìdáhùn wọn ò ní dọ́gba, bẹ́ẹ̀ kálukú ló ní ìdí tó gbé dání. Àgbéyẹ̀wò yìí to àwọn èrò náà lẹ́sẹẹsẹ, ó sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti lágbára àti ibi tó kù sí, kí ọlọ́kọ̀ lè mọ ohun tó ń rà kó tó náwó. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹwà nìkan. Ibi tí epo, ooru àti wáyà ti ń pàdé ni fóòmù yìí ń gbé, àṣìṣe ibẹ̀ sì lè sun odindi ọkọ̀.

Iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n fi rán an

Iṣẹ́ kìíní ni ariwo. Irin bọ́nẹ́ẹ̀tì fẹ̀, ó sì fẹ́lẹ́, nítorí náà ariwo ẹ́ńjìnnì máa ń mì ín, ó sì máa ń ta padà lára rẹ̀. Fóòmù tó ní ihò wẹ́wẹ́ ń gba ariwo náà wọnú, ó ń sọ agbára rẹ̀ di ooru díẹ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ dísù, bíi 240D àti 300D ti W123, fi nílò rẹ̀ ju ọkọ̀ bẹntiróòlù lọ. Ṣùgbọ́n agbára yìí ní ààlà. Fóòmù ń gba ohùn mú dáadáa nígbà tí ìnípọn rẹ̀ bá tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ìgbì ohùn náà. Ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ní ìgbì tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 34. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lé ní sẹ̀ǹtímítà 8. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ò láyè tó bẹ́ẹ̀. Fóòmù sẹ̀ǹtímítà 2 lè dín ohùn tó ń ta létí kù, àmọ́ èyí tó ń kùn lábẹ́lẹ̀ á kọjá lára rẹ̀ láìfarapa.

Iṣẹ́ kejì ni ooru. Omi inú ẹ́ńjìnnì máa ń gbóná tó nǹkan bí 90°C, mànífóòdù tí èéfín ń gbà jáde sì ń gbóná ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Òkè ni ooru ń lọ. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, níbi tí kò ti sí atẹ́gùn tó ń fẹ́ wọ iwájú ọkọ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń gba ooru náà, oòrùn sì tún ń pa á látòkè. Wọ́n fi fóòmù sáàárín kí ọ̀dà má baà jìyà.

Iṣẹ́ kẹta ni iná. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí iná bá ṣẹ́ yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kílíìpù oníke á yọ́, ìtẹ́ á já lu ẹ́ńjìnnì, á sì bo iná náà pa. Lórí iṣẹ́ kẹta yìí ni àríyànjiyàn pọ̀ sí jù, ìsàlẹ̀ la ó ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó ń pa á

Polyurethane ni fóòmù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn Mercedes wọ̀nyẹn. Otto Bayer àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Leverkusen, ní Jámánì, ló ṣàwárí kẹ́míkà rẹ̀ ní 1937. Ẹ̀yà rẹ̀ méjì ló gbajúmọ̀. Èyí tí wọ́n fi polyester ṣe ò fara mọ́ ọ̀rinrin: omi inú afẹ́fẹ́ ń já ohun tó so ó pọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí á fi di ìyẹ̀fun. Èyí tí wọ́n fi polyether ṣe ń fara da omi, àmọ́ ooru, ìmọ́lẹ̀ àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹ́. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ń rìn l'Ékòó, tí òkun àti ọ̀sà yí ká, ọ̀tá méjèèjì ló pé síbẹ̀.

Fáíbà ò jẹrà bẹ́ẹ̀. Gíláàsì ni, omi kì í sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Aṣọ tí wọ́n fi bò ó lójú ló ń ya, kílíìpù ló ń gbẹ tó ń kán. Eku fẹ́ràn méjèèjì, wọ́n ń fà á ya láti fi ṣe ìtẹ́ ọmọ. Ìwà tiwa náà ń dá kún un: bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tó ń tu omi tagbáratagbára fọ ẹ́ńjìnnì, ìtẹ́ náà á mu omi yó, omi náà á sì jókòó sáàárín fóòmù àti irin. Ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní tètè rí.

Èrò kìíní: Ẹ ṣí i kúrò, ẹ fi irin sílẹ̀ lásán

Àwọn mẹkáníìkì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dúró síbí. Wọ́n ní ohun tó ti ń rún kì í tún ṣe ààbò, ìdọ̀tí ni. Bí wọ́n bá ṣí i kúrò, wàhálà náà parí lọ́jọ́ kan náà: kò sí èérún tó ń wọ ihò atẹ́gùn mọ́, eku ò ríbi tẹ́ ìtẹ́ sí, ojú sì ń rí ibi tí òróró bá ti ń ta sókè. Wọ́n tún ní ẹ̀rí mìíràn tó lágbára: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí owó wọn ò pọ̀ ló jáde nílé iṣẹ́ láìní ìtẹ́ kankan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí aburú.

Àléébù rẹ̀ kọ́kọ́ hàn nínú ariwo, pàápàá lọ́dọ̀ ẹni tó ń wa dísù. Ti ọ̀dà ló gba àròjinlẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n kùn nílé iṣẹ́ wọ inú ààrò tí ooru rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bí 140°C kó tó gan, nítorí náà ooru ẹ́ńjìnnì lásán ò fi bẹ́ẹ̀ lè pa á. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa ni wọ́n ti tún kùn, tí oòrùn ló gbẹ ẹ́, tàbí tí wọ́n ti fi pọ́ítì dí ojú ibi tó tẹ̀. Irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ò rí ooru ààrò rí. Ẹni tó ní òun ṣí fóòmù kúrò tí ọ̀dà òun ò sì yí padà ń sọ òtítọ́. Ẹni tó ní tòun bó náà lè máa sọ òtítọ́. Ọ̀dà wọn ni kò jọ ara.

Èrò kejì: Ojúlówó láti ilé iṣẹ́ nìkan

Àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun iyì ló di èrò yìí mú. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló mọ bí àyè ṣe tó láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fáànù, ibi tí ó yẹ kí fóòmù ti fẹ́lẹ́, àti ibi tó gbọ́dọ̀ yà fún ìkọ́ àti ihò omi. Ojúlówó máa ń bá ojú ibẹ̀ mu láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ gé e. Ó tún ń jẹ́ kí ọkọ̀ níyì lójú ẹni tó bá fẹ́ rà á.

Ibi tó kù sí kò kéré. Fún àwọn Mercedes tí a ń sọ, ohun tí wọ́n ń tún rà ṣì lè jẹ́ polyurethane, èyí tó túmọ̀ sí pé owó ńlá ni wọ́n fi ra àìsàn kan náà. Àìsàn ọ̀hún kì í sì í dúró de ìgbà tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́. Fóòmù tó ti wà nínú páálí fún ọdún mẹ́wàá ti ń bá ọ̀rinrin jà fún ọdún mẹ́wàá. Tuntun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbó díẹ̀. Fún àwọn ọkọ̀ kan, wọn ò ṣe é mọ́ rárá. Ayédèrú tí wọ́n kó sínú páálí tó jọ ti gidi náà tún wà lọ́jà.

Èrò kẹta: Tòkunbọ̀ láti ọjà páàtì

Ní Ládípọ̀ ní Mushin àti ní Gate n'Íbàdàn, èrò tó gbilẹ̀ ni pé tòkunbọ̀ tó wá láti ara ọkọ̀ bíi tirẹ̀ sàn ju tuntun tí o kò mọ ẹni tó ṣe é lọ. Fún ìtẹ́ fáíbà tó ń dúró lórí kílíìpù, òdodo pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gíláàsì kì í jẹrà, wọ́n ti ṣe é bá ojú ibẹ̀ mu láti ilé iṣẹ́, owó rẹ̀ sì kéré. Ohun tó kù kò ju kéèyàn ra kílíìpù tuntun.

Fún fóòmù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, èrò náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò ṣeé bó kúrò lára bọ́nẹ́ẹ̀tì kan láìya, bó bá sì ṣeé bó, ọjọ́ orí rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti èyí tó bàjẹ́. Ewu kan tún wà tó kan oríṣi méjèèjì: òróró. Ìtẹ́ tó bá ti mu òróró ẹ́ńjìnnì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn ti di epo tí ń dúró de iná. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá dúdú ní ojú kan, tí ọwọ́ ń yọ̀ níbẹ̀, tàbí tó ń rùn bí epo, kó padà sórí àtẹ. Ẹ tún fi wé èyí tó wà lára ọkọ̀ yín kẹ́ ẹ tó sanwó, nítorí ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè ní bọ́nẹ́ẹ̀tì tó yàtọ̀ láti ọdún kan sí òmíràn.

Èrò kẹrin: Ohun èlò òde òní

Àwọn tó wà níhìn-ín ní ìmọ̀ ti kọjá ibi tó wà nígbà tí wọ́n ṣe W123, kí ló dé tí a ó fi máa ra ohun tó ń rún? Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ń lò, iṣẹ́ wọn ò sì dọ́gba.

Èkíní ni fóòmù melamine. Ihò rẹ̀ ṣí sílẹ̀, nítorí náà ó ń gba ariwo dáadáa. Ó ń fara da ooru tó ju 150°C lọ, iná ò sì í ràn lára rẹ̀ bó ṣe ń ràn lára fóòmù lásán. Àmọ́ ó tètè ń fọ́, ó sì ń mu òróró àti omi bí wọn ò bá fi nǹkan bò ó lójú.

Èkejì ni fóòmù tí ihò rẹ̀ dí, tí wọ́n fi fọ́ìlì alumíníọ́ọ̀mù bò. Kì í mu omi, kì í mu òróró. Ihò tó dí náà ló sì fà á tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ariwo mú. Fọ́ìlì tó mọ́ lè dá nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ooru tó ń tàn wá bá a padà, àmọ́ bí eruku àti òróró bá ti bò ó, agbára náà ń dín kù. Ẹ rántí pẹ̀lú pé alumíníọ́ọ̀mù ń gbé iná mànàmáná. Bí fọ́ìlì bá já tó kan orí bátìrì, ó lè ṣá iná.

Ẹ̀kẹta ni awẹ́ rọ́bà butyl. Òun kì í gba ariwo, gbígbọ̀n irin ló ń dá dúró. Irin tó máa ń dún gbàǹgàn nígbà tí wọ́n bá lù ú á dún pọ̀. Ó wúwo, nítorí náà ó lè borí agbára ohun tó ń gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì dúró. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n fi ọ̀dà títì ṣe tó jọ ọ́: ooru ń yọ́ ọ, ó sì lè kán sórí mànífóòdù.

Ìwé ara páálí tún ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Bí ẹ bá rí FMVSS 302 níbẹ̀, òfin Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1972 ni. Inú ibi tí èrò ń jókòó ló wà fún, ó sì gbà kí ohun èlò máa jó, bí iná náà kò bá ti rìn ju mìlímítà 102 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tó ń jó díẹ̀díẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí kì í jó. UL 94 V-0 le ju ìyẹn lọ: ohun èlò tí wọ́n gbé dúró lóòró gbọ́dọ̀ kú fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 tí wọ́n bá mú iná kúrò.

Èrò karùn-ún: Ẹ fi ohun tó wà nílẹ̀ ṣe é

Fóòmù tìmùtìmù, rọ́ọ̀gì, aṣọ ìjókòó ọkọ̀: àwọn tó ń rán ìjókòó mọ bí wọ́n ṣe ń gé e kó bá ojú ibẹ̀ mu, iṣẹ́ wọn sì máa ń dára lójú. Owó rẹ̀ fúyẹ́, ohun èlò rẹ̀ ò ṣòro rí, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi parí rẹ̀. Kò yẹ ká fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wo ìdí tí àwọn èèyàn fi ń ṣe é. Níbi tí owó ojúlówó ti lè jẹ́ owó oṣù ẹni, ọgbọ́n ni kéèyàn wá ọ̀nà míì.

Ṣùgbọ́n iná ò mọ ọ̀rọ̀ owó. Fóòmù tìmùtìmù tètè ń ràn, èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide àti hydrogen cyanide, májèlé sì ni méjèèjì. Rọ́ọ̀gì oníke ń yọ́, ó ń kán pẹ̀lú iná lára. Èyí tí wọ́n fi òwú ṣe ń mu òróró. Nínú èrò márààrún, òun nìkan ló ń fi kún ewu tí wọ́n torí rẹ̀ dá ìtẹ́ náà sílẹ̀.

Àríyànjiyàn lórí ọ̀nà ìṣe: gọ́ọ̀mù tàbí kílíìpù?

Ohun tí a fi lẹ̀ ẹ́ ṣe pàtàkì tó ohun tí a lẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe bàtà àti àga sábà máa ń rọ̀ bí ooru bá ti tó nǹkan bí 70°C. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó dára lọ́jọ́ kìíní fi ń já lulẹ̀ nínú ọ̀ẹ̀rùn. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún ooru ló yẹ ibẹ̀. Kílíìpù ò ní ìṣòro yìí, ó sì ṣeé ṣí fún àyẹ̀wò. Àmọ́ bí bọ́nẹ́ẹ̀tì ò bá ní ihò kílíìpù, lílu ihò sí i ń ṣílẹ̀kùn fún ìpẹtà.

Lórí ìmọ́tótó, èdè àìyedè ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ tú wáyà bátìrì kúrò lórí rẹ̀, ẹ fi aṣọ tàbí náílọ́ọ̀nù bo ẹ́ńjìnnì àti ihò atẹ́gùn, kẹ́ ẹ fi igi tàbí ike ha fóòmù náà kúrò. Bọ́nẹ́ẹ̀tì W123 àti W124 ṣeé gbé dúró gbọnrangandan, èyí sì ń mú kí iṣẹ́ náà rọrùn. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ gọ́ọ̀mù àtijọ́. Fáíbà ń yún ara, ó ń ta ojú, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbomú. Àjọ IARC tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ yọ òwú gíláàsì ìdábòòbò kúrò nínú àwọn ohun tí wọ́n fura sí pé ó lè fa jẹjẹrẹ ní 2001. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ti wà ṣáájú nǹkan bí 1980 yàtọ̀. Àwọn kan nínú wọn ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú ìtẹ́ wọn, òun sì ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ fi omi rin ín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ má sì fi ẹ̀rọ atẹ́gùn fẹ́ ẹ.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ti iná ló ṣáájú. Àlàyé pé ìtẹ́ á já lulẹ̀ pa iná bọ́gbọ́n mu fún fáíbà tó ń dúró lórí kílíìpù oníke. Kò bá fóòmù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mu. Kódà pẹ̀lú fáíbà, afẹ́fẹ́ ń wọlé látìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, epo tó ń jò sì lè máa jó lábẹ́ ibi tí ìtẹ́ bò. Bóyá ó ń ra àkókò díẹ̀ fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀, ìyẹn ṣeé gbà. Pé ó lè dípò ẹ̀rọ ìpaná tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC ń béèrè nínú ọkọ̀, ìyẹn ò ṣeé gbà. Bí iná bá sì yọ, ẹ má ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì gbayawu, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń bọ́ iná.

Ti ọ̀dà náà ṣì wà níbẹ̀. Títí di ìgbà tí a bá fi ọ̀dà ààrò àti ọ̀dà oòrùn wé ara wọn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kan náà, ẹ̀rí ẹnìkọ̀ọ̀kan la ó máa gbọ́. Ẹ̀kẹta ni bí àwọn ohun èlò òde òní yóò ṣe pẹ́ tó nínú ọ̀rinrin wa. Ooru ni ìwé ara páálí ń sọ, kì í sọ ti ọ̀rinrin pẹ̀lú òróró pẹ̀lú eruku lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kẹrin ni bóyá ọkọ̀ àtijọ́ ń pàdánù iyì bí wọ́n bá fi ohun tó sàn ju ti ilé iṣẹ́ lọ síbẹ̀. Èyí wà lọ́wọ́ ẹni tó ń rà á.

Ohun tó ti yanjú ò pọ̀, àmọ́ ó tó láti fi ṣèpinnu. Fóòmù tó ti ń rún gbọ́dọ̀ kúrò, ẹgbẹ́ kan ò jiyàn lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ń wa dísù, kó náwó sórí melamine tí wọ́n bò lójú tàbí ojúlówó tí kò tíì pẹ́ nínú páálí. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lo fáíbà, tòkunbọ̀ tó mọ́ pẹ̀lú kílíìpù tuntun tó o. Bí owó ò bá sì tíì tó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi tìmùtìmù dí àlàfo náà. Ẹ fi irin sílẹ̀ lásán títí owó á fi dé. Irin lásán kì í gbiná.